Bí Gbòǹgbò Ṣe Ń Tún Ètò Ara Rẹ̀ Ṣe Lórí Ilẹ̀ Tó Ti Ṣá

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń rọ̀ léraléra sórí àwọn òkè àpáta tó yí Adó-Èkìtì ká, omi tó ń ti ara àpáta ṣàn wálẹ̀ máa ń gba àárín ebè kọjá nínú àwọn oko tó wà lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, Ìyìn, Ìwòròkò àti Àfàò, ó sì máa ń kó erùpẹ̀ dúdú orí ilẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ pupa abẹ́ rẹ̀ yóò fi yọjú. Nínú oko àgbàdo tó bá bọ́ sí irú ibẹ̀, etí ewé ìsàlẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọ̀ àlùkò kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé lẹ́yìn tí irúgbìn hù, igi rẹ̀ yóò tínrín, yóò sì dúró sójú kan bí ẹni pé òjò kò rọ̀ rárá.

Àmì àìtó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ohun ọ̀gbìn gbọ́dọ̀ rí nínú ilẹ̀ kó tó lè dàgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbẹ̀ bá fi máa rí àmì náà lára ewé, gbòǹgbò ti mọ̀ tipẹ́, ó sì ti yí bí ó ṣe ń ya ẹ̀ka, bí ó ṣe ń gùn àti ibi tí ó ń kọjú sí padà láti wá ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù.

Ohun tó ń darí ìyípadà abẹ́ ilẹ̀ yìí ni àwọn kẹ́míkà tí ohun ọ̀gbìn fúnra rẹ̀ ń ṣe ní ìwọ̀n tó kéré gan-an, tí à ń pè ní họ́móònù. Ìmọ̀ nípa wọn ṣe pàtàkì fún àgbègbè bí àárín gbùngbùn Èkìtì, níbi tí ilẹ̀ ti ń ṣá tí ajílẹ̀ òyìnbó sì gbówó lórí, nítorí ó fi hàn pé ebi tó ń pa irúgbìn kò ti ọwọ́ iye èròjà tó wà nínú ilẹ̀ nìkan wá, bí gbòǹgbò ṣe tẹ́ ara rẹ̀ láti dé ibi tí èròjà náà wà lọ́wọ́ nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ilẹ̀ tí àpáta bí

Àpáta tí ilẹ̀ Èkìtì ti ara rẹ̀ wá jẹ́ àpáta ogbólógbòó, irú èyí tó dúró gàgàrà ní Ọlọ́sùnta àti Òròólé ní Ìkẹ́rẹ́, tí ooru àti òjò sì ti ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ láti àìmọye ọdún sẹ́yìn. Nínú ìwé tí Smyth àti Montgomery ṣe ní 1962 nípa ilẹ̀ àti ìlò rẹ̀ ní àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ìwé tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ṣì ń tọ́ka sí títí di òní, wọ́n pín ilẹ̀ sí ẹgbẹẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí irú àpáta tó bí i, wọ́n sì fi orúkọ ìlú pe àwọn ẹgbẹ́ náà, bíi Ìwó, Oǹdó àti Ẹgbẹ́dá. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn fi jọra ni pé inú ìpele tínrín òkè, níbi tí ewé ti ń jẹrà, ni oúnjẹ ohun ọ̀gbìn kó jọ sí, tí ó sì jẹ́ pé òkúta wẹ́wẹ́, yangí àti amọ̀ pupa ni ó wà nísàlẹ̀.

Irin ni ó mú ilẹ̀ náà pọ́n. Irin yìí àti alumíníọ́mù tó wà nínú amọ̀ máa ń di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú gírígírí, débi pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì lè wà nínú ilẹ̀ dáadáa kí èyí tó yòrò sínú omi, tí gbòǹgbò lè fà mu, má tó nǹkan. Nínú sẹ́ẹ̀lì gbòǹgbò, ìyẹn àwọn yàrá wẹ́wẹ́ tí a fi kọ́ ara gbogbo ohun abẹ̀mí, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì lè pọ̀ ju ti inú omi ilẹ̀ lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún, nítorí náà ohun ọ̀gbìn ní láti ná agbára kó tó lè fà á wọlé.

Èyí tó tún le jù ni pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kì í rìn. Bí gbòǹgbò bá ti mu èyí tó yí i ká tán, nǹkan bíi mìlímítà kan sí méjì ni ilẹ̀ yóò ti ṣófo ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tó wà níwájú díẹ̀ kò sì ní tètè sún wá dí àlàfo náà, àfi kí gbòǹgbò fúnra rẹ̀ lọ bá a. Náítírójìn yàtọ̀, pàápàá irú rẹ̀ tí à ń pè ní nitrate: omi ni ó ń bá rìn, bí òjò bá sì pọ̀, yóò bá omi wọlẹ̀ lọ sí ibi tí gbòǹgbò kúkurú kò lè dé. Ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù rọ̀ mọ́, nítorí pé irú gbòǹgbò tó dára fún wíwá èkíní kọ́ ni ó dára fún wíwá èkejì.

Àwọn àgbẹ̀ àgbègbè náà ti mọ àbájáde rẹ̀ láìsí pé wọ́n dárúkọ èròjà kankan. Iṣu ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbìn sí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán, àgbàdo a tẹ̀lé e, ẹ̀gẹ́ a sì gbẹ̀yìn, kí wọ́n tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó di igbòrò. Àwọn àgbà nínú wọn gbà pé ilẹ̀ tí ewé Akíntọ́lá bá bò dáadáa ti ń padà bọ̀ sípò, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ bá wọn jiyàn, nítorí pé igi wẹ́wẹ́ náà, tó ti òkèèrè wọ Nàìjíríà ní ọ̀rúndún tó kọjá, máa ń wọ́ ewé púpọ̀ tó tètè ń jẹrà sílẹ̀. Iye ọdún tí ilẹ̀ fi ń sinmi ni kò tó mọ́. Ilé ti gba ọ̀pọ̀ oko tó sún mọ́ Adó láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1996, tí ìlú náà sì di olú-ìlú, ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò sì ju sarè méjì lọ kò lè ní kó sinmi fún ọdún mẹ́wàá.

Họ́móònù àti ẹni tó ń gbọ́ ọ

Ohun ọ̀gbìn kò ní ọpọlọ, kò sì ní iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára kiri bíi ti ẹranko, síbẹ̀ ewé gbọ́dọ̀ mọ ohun tí gbòǹgbò bá pàdé, gbòǹgbò náà sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ewé ń fẹ́. Họ́móònù ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí láàárín wọn, ó sì jọ àrokò tí àwọn Yorùbá ń fi ránṣẹ́ láyé àtijọ́ ní ti pé ohun tí a dì kì í tó nǹkan, ìtumọ̀ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹni tó gbà á àti ipò tó bá a. Họ́móònù kan náà tó mú kí igi ga lókè lè mú kí gbòǹgbò dáwọ́ dúró nísàlẹ̀.

Auxin ni a kọ́kọ́ mọ̀ nínú wọn. Charles Darwin àti ọmọ rẹ̀ Francis kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1880 pé ṣóńṣó orí ọ̀mùnú koríko ni ó ń mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ṣùgbọ́n pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ó ń tẹ̀, nítorí náà nǹkan kan gbọ́dọ̀ ń ti òkè bọ̀ wá sísàlẹ̀. Ní 1926, Frits Went, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ kan ní Utrecht ní ilẹ̀ Netherlands, gba nǹkan náà sínú ègé kékeré ohun dídì kan, ó sì fi hàn pé ègé náà nìkan tó láti mú kí ọ̀mùnú tí a ti gé orí rẹ̀ tẹ̀. Ohun tí ìwádìí ti fi kún un láti ìgbà náà ni pé ewé tuntun àti ṣóńṣó igi ni ó ń ṣe auxin jù, tí yóò sì gba àárín igi sọ̀ kalẹ̀ dé ṣóńṣó gbòǹgbò, níbi tí yóò ti yí padà, tí yóò gba awọ ìta gbòǹgbò gòkè díẹ̀. Ibi tí ó bá pọ̀ sí ní ojú ọ̀nà yìí ni ó ń pinnu ibi tí ẹ̀ka gbòǹgbò yóò ti yọ, ibi tí irun rẹ̀ yóò ti gùn, àti ìhà tí ṣóńṣó rẹ̀ yóò kọ sí.

Cytokinin ni èkejì, tí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ yọ irú rẹ̀ kan jáde ní 1955, tí méjì nínú wọn, Skoog àti Miller, sì fi hàn ní 1957 pé bí auxin bá pọ̀ jù ú lọ nínú ègé ara ohun ọ̀gbìn, gbòǹgbò ni yóò yọ, ṣùgbọ́n bí cytokinin bá pọ̀ jù, ewé ni yóò yọ. Omi àgbọn, tí àwọn onímọ̀ ti ń fi tọ́ ohun ọ̀gbìn kéékèèké dàgbà nínú ìgò láti 1941, ní cytokinin nínú. Ẹ̀kẹta, ethylene, jẹ́ afẹ́fẹ́. Òun ni èso ń tú jáde bó bá ń pọ́n, òun náà sì ni afẹ́fẹ́ tí kábáídì ń tú jáde ń fara wé nígbà tí àwọn oníṣòwò kan bá fi ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n ní tipátipá, àṣà tí àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn nípa rẹ̀.

Àwọn họ́móònù yìí kò ṣàjèjì sí oko tó bí a ṣe lè rò. Oògùn apakoríko tí à ń pè ní 2,4-D, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń fín sí oko àgbàdo, auxin àtọwọ́dá ni, èyí tó jẹ́ pé àpọ̀jù rẹ̀ ni ó ń da ìdàgbàsókè koríko eléwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ rú títí yóò fi kú. Ẹni tó bá ti gbé ẹ̀rọ ìfínko kọ́ ẹ̀yìn láti fín in ti lo họ́móònù ohun ọ̀gbìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tí wọ́n kọ sára ike kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Nígbà tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kò tó

Púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa bí gbòǹgbò ṣe ń dáhùn sí àìtó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ti ara Arabidopsis wá, èpò kékeré kan tó jẹ́ ìbátan kábéèjì, tí àwọn onímọ̀ fẹ́ràn nítorí pé ó tètè ń dàgbà tí ó sì rọrùn láti yẹ̀ wò. Bí a bá gbìn ín sí ibi tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kò tó, olórí gbòǹgbò rẹ̀ tó yẹ kó máa wọlẹ̀ lọ yóò dúró, ẹ̀ka gbòǹgbò yóò pọ̀ sí i ní ẹ̀gbẹ́, irun gbòǹgbò yóò sì gùn, yóò sì ki. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, nítorí pé orí ilẹ̀ ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì máa ń wà, ohun ọ̀gbìn tó bá sì ń lépa rẹ̀ kò ní ohun tó ń wá lọ sísàlẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ní Mẹ́síkò ṣàlàyé ní 2008 bí ẹ̀ka ṣe ń pọ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé auxin kò fi dandan pọ̀ sí i. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú gbòǹgbò ni wọ́n túbọ̀ ń gbọ́ ọ, nítorí pé ebi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú kí wọ́n ṣe púpọ̀ sí i nínú purotéènì kan tó ń jẹ́ TIR1, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti di auxin mú kó sì jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ fún sẹ́ẹ̀lì. Iye auxin tí kò lè mú kí ẹ̀ka kan yọ lórí ilẹ̀ ọlọ́ràá ti wá tó láti mú kó yọ lórí ilẹ̀ tó ṣá.

Dídúró olórí gbòǹgbò ní tirẹ̀ ní ohun ìyanu kan nínú tó kan ilẹ̀ pupa gidi. Bí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá ṣọ̀wọ́n, irin ni ó ń kó jọ sí ṣóńṣó gbòǹgbò tí ó sì ń dá a dúró, tó fi jẹ́ pé bí àwọn olùwádìí bá yọ irin kúrò nínú oúnjẹ Arabidopsis, olórí gbòǹgbò yóò máa gùn lọ bí ẹni pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà. Ó yẹ kí a ṣọ́ra kí a má fi èpò kan ṣe òdiwọ̀n gbogbo irúgbìn, nítorí pé olórí gbòǹgbò ìrẹsì àti ti àgbàdo kì í dúró bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn ti ìrẹsì a tilẹ̀ máa gùn sí i. Ó sì máa ń jẹ́ àbùkù àwọn ìròyìn nípa ìmọ̀ yìí pé wọn kì í sọ ìyàtọ̀ náà.

Irun gbòǹgbò ni ohun tí èpò náà àti àwọn irúgbìn wa fi jọra. Irun kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó na ara rẹ̀ síta, gígùn rẹ̀ kì í sì í sábà ju mìlímítà kan lọ, ṣùgbọ́n mìlímítà kan yẹn gan-an ni ibi tí ilẹ̀ ti máa ń ṣófo. Kò ná ohun ọ̀gbìn ní nǹkan púpọ̀ láti ṣe é. Dittmer, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ka gbòǹgbò igi ọkà rye kan ṣoṣo tó ti dàgbà fún oṣù mẹ́rin ní 1937, ó sì ṣírò pé gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ lápapọ̀ gùn tó nǹkan bíi 620 kìlómítà, ó tó láti Adó-Èkìtì dé Kánò bí ẹyẹ bá fò tààrà, nígbà tí irun tó wà lára wọn, tó jẹ́ bílíọ̀nù mẹ́rìnlá, ju 10,000 kìlómítà lọ.

Ní 2018, àwọn olùwádìí tí àwọn ará Yunifásítì Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára wọn tú bí irun ìrẹsì ṣe ń gùn. Ṣóńṣó gbòǹgbò ni ó ń kó auxin jọ nígbà tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá ṣọ̀wọ́n, purotéènì kan tó ń jẹ́ AUX1 a sì gbé e láti ibẹ̀ lọ sí ibi tí irun ti ń yọ. Nínú ìrẹsì tí wọ́n ti ba AUX1 rẹ̀ jẹ́, irun kì í gùn bí ó ti wù kí ebi pa á tó. Ethylene náà ní ipa nínú gígùn irun, ó sì jọ pé òun àti auxin ń ran ara wọn lọ́wọ́.

Náítírójìn àti ìdájọ́ láàárín ewé àti gbòǹgbò

Ọ̀rọ̀ náítírójìn kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó ń rìn nínú ilẹ̀. Nínú ìdánwò tí Malcolm Drew ṣe sí ọkà báálì tí ó sì tẹ̀ jáde ní 1975, ó pín gbòǹgbò sí ìpele mẹ́ta, ó sì fún ìpele àárín nìkan ní nitrate tó pọ̀. Ní ìpele yẹn nìkan ni ẹ̀ka gbòǹgbò ti ya bo ibẹ̀, tí àwọn ìpele yòókù sì wà pẹ̀lú ẹ̀ka kéékèèké. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ṣe bákan náà, ṣùgbọ́n pọtásíọ̀mù kò ṣe é. Gbòǹgbò, nígbà náà, kì í tan ara rẹ̀ ká lọ́gbọọgba. Ó ń ná ohun ìní rẹ̀ sí ibi tí èrè wà.

Ìgbà pípẹ́ kọjá kí a tó mọ ọ̀nà tó ń gbà mọ̀. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Faransé fi hàn pé purotéènì kan tó ń jẹ́ NRT1.1, tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ń gbé nitrate wọ inú gbòǹgbò, ń gbé auxin pẹ̀lú. Bí nitrate bá kéré ní àyíká ẹ̀ka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, NRT1.1 yóò máa kó auxin kúrò lórí rẹ̀, ẹ̀ka náà kò sì ní lè gùn. Bí nitrate bá dé, yóò jáwọ́ nínú gbígbé auxin, auxin yóò kó jọ, ẹ̀ka yóò sì gbéra. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ń wọn èròjà tí ó sì ń pàṣẹ ìdàgbàsókè.

Ọ̀rọ̀ tún wà láàárín òkè àti ilẹ̀. Nígbà tí gbòǹgbò bá rí nitrate tó, yóò ṣe cytokinin, yóò sì rán an gòkè nínú omi tó ń lọ sínú ewé, èyí tó túmọ̀ sí pé ewé lè máa pọ̀. Nígbà tí kò bá rí i, cytokinin á dínkù, ewé á dín ìdàgbàsókè rẹ̀ kù, oúnjẹ tí ewé sì ti ṣe yóò máa sọ̀ kalẹ̀ wá sí gbòǹgbò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìdí nìyẹn tí irúgbìn orí ilẹ̀ tó ṣá fi máa ń ní gbòǹgbò tó pọ̀ ju bí ewé rẹ̀ ṣe mọ lọ. Àwọn onímọ̀ ní Japan fi kún èyí ní 2014 pé gbòǹgbò tí ebi náítírójìn ń pa máa ń rán purotéènì kúkurú kan sókè sí ewé, ewé á sì ránṣẹ́ padà sí àwọn gbòǹgbò tó wà ní ìhà mìíràn, níbi tí náítírójìn ṣì wà, pé kí wọ́n fà mu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láti fi dí ti àwọn tí kò rí.

Ìpè tí ọ̀rẹ́ àti olè jọ ń gbọ́

Èyí tó jẹ mọ́ Áfíríkà jù lọ nínú gbogbo àwọn họ́móònù yìí ni strigolactone, tí a mọ̀ fún ìwà ibi rẹ̀ kí a tó mọ ire rẹ̀. Ní 1966 ni àwọn onímọ̀ yọ èyí àkọ́kọ́ nínú wọn láti inú omi tí gbòǹgbò òwú ń tú sí ilẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní strigol nítorí pé òun ni ó ń jí irúgbìn Striga, èpò tó ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò ọkà bàbà, àgbàdo àti ẹ̀wà láti mu oje wọn. Irúgbìn èpò náà kéré ju ìdá mẹ́ta mìlímítà lọ, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ láìhù títí tí strigolactone yóò fi kàn án. Ilẹ̀ ọ̀dàn tó wà ní ìhà àríwá Nàìjíríà ni ó ti ń yọ àgbẹ̀ lẹ́nu jù.

Ìbéèrè tí kò jẹ́ kí àwọn onímọ̀ sùn ni ìdí tí ohun ọ̀gbìn yóò fi máa pe olè wá sílé ara rẹ̀. Ìdáhùn dé ní 2005, nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Japan fi hàn pé strigolactone yìí kan náà ni ó ń mú kí àwọn ẹ̀dá olú inú ilẹ̀ ya ẹ̀ka bí òwú lọ sọ́dọ̀ gbòǹgbò, tí wọn yóò sì wọ inú rẹ̀ láìpa á lára, tí wọn yóò máa bá a wá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì láti ibi tí irun gbòǹgbò kò lè dé, tí ohun ọ̀gbìn náà yóò sì máa fi oúnjẹ ewé san án padà. Ọ̀rẹ́ ni gbòǹgbò ń pè. Striga ni ó gbọ́ ìpè náà tí ó sì sọ ọ́ di ti ara rẹ̀. Ní 2008, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì fi hàn lẹ́ẹ̀kan náà pé strigolactone tún ń ṣiṣẹ́ họ́móònù nínú ohun ọ̀gbìn fúnra rẹ̀, ó ń dá ẹ̀ka òkè dúró kó má pọ̀ jù. Bí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá ṣe ṣọ̀wọ́n tó ni gbòǹgbò ń ṣe é tó.

Èyí ran àlàyé lọ́wọ́ nípa ẹ̀gẹ́, tí àgbẹ̀ Èkìtì fi ń gbẹ̀yìn ilẹ̀. Gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ nípọn, kò pọ̀, irun rẹ̀ kò sì tó nǹkan, nítorí náà bí a bá wò ó lójú lásán, òun ni ó yẹ kí ebi kọ́kọ́ pa. Ohun tí àwọn olùwádìí ti rí láti ìgbà pípẹ́, pàápàá ní ibùdó ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn CIAT ní Kòlóḿbíà, ni pé ẹ̀gẹ́ gbára lé àwọn ẹ̀dá olú náà ju ọ̀pọ̀ irúgbìn lọ, débi pé bí a bá gbìn ín sí ilẹ̀ tí a ti fi ooru pa wọ́n, kò ní fẹ́ dàgbà àfi bí a bá da fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì púpọ̀ sí i. Iṣu tí kò lè fara da ilẹ̀ tó ṣá àti ẹ̀gẹ́ tó lè fara dà á kò yàtọ̀ nínú ẹnu lásán. Gbòǹgbò wọn àti àwọn tí wọ́n ń bá ṣe lábẹ́ ilẹ̀ ni ó yàtọ̀.

Irúgbìn tí a yàn láìwo abẹ́ rẹ̀

Láti ìgbà tí iṣẹ́ àtúnṣe irúgbìn ti di iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, orí ilẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe é sábà máa ń wò: iye ọkà, gíga igi, bí àìsàn ṣe ń mú ewé tó. Oko àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń yàn wọ́n sì sábà máa ń jẹ́ ibi tí ajílẹ̀ wà. Jonathan Lynch ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni ó ti ń tẹnu mọ́ ọn jù pé irúgbìn tí a yàn lórí ilẹ̀ ọlọ́ràá kò ní ìdí láti ní gbòǹgbò tó mọ ilẹ̀ tó ṣá í lò, àti pé ó yẹ kí a máa yan irúgbìn nípa gbòǹgbò wọn gan-an. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti gbà, ó sì yani lẹ́nu pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí a tó gbà á.

Àpẹẹrẹ tó yanjú jù ni ti ìrẹsì. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ní ibùdó ìwádìí ìrẹsì IRRI ní Philippines sọ pé wọ́n ti rí jíìnì kan, ìyẹn ìtọ́ni tó ń ti ara òbí lọ sí ara ọmọ, nínú ìrẹsì ìbílẹ̀ India kan tó ń jẹ́ Kasalath, wọ́n sì pe jíìnì náà ní PSTOL1. Ó ń mú kí gbòǹgbò tètè pọ̀ nígbà tí irúgbìn ṣì kéré, ìrẹsì tó bá ní i sì ń so ju èyí tí kò ní i lọ lórí ilẹ̀ tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì rẹ̀ kò tó. Ọ̀pọ̀ ìrẹsì ìgbàlódé ti sọ jíìnì náà nù láìmọ̀ nínú yíyàn irúgbìn láti ọdún pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí irú rẹ̀ nínú CG14, ọ̀kan nínú ìrẹsì ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó jẹ́ òbí kan fún àwọn ìrẹsì NERICA. Fún àwọn tó ń gbin ìrẹsì ní Ìgbẹ́mọ àti àyíká rẹ̀, ó túmọ̀ sí pé ohun tí àwọn ibùdó ìwádìí ńlá ń wá kiri lè wà nínú irúgbìn tí àwọn baba ńlá àgbègbè yìí ti gbìn rí.

Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ilẹ̀ ni inú rẹ̀ dùn sí yíyan irúgbìn nípa gbòǹgbò. Iyèméjì tí àwọn kan nínú wọn ní ni pé gbòǹgbò tó bá gbọ́n jù yóò kàn tètè fa ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù tán ni, tí ilẹ̀ yóò sì ṣá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bí a kò bá dá nǹkan padà sínú rẹ̀. Ìyẹn kò ṣeé já ní koro. Àpò ajílẹ̀ NPK 15-15-15 tó wúwo ní 50 kìlógíráàmù ní 7.5 kìlógíráàmù náítírójìn nínú, ṣùgbọ́n fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì gidi inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 3.3 kìlógíráàmù lọ, nítorí pé ìdá tó pọ̀ nínú ohun tí wọ́n kà sí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì lára àpò jẹ́ afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó so mọ́ ọn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2006, àwọn ìjọba Áfíríkà pinnu ní Abuja pé lílo èròjà ajílẹ̀ yóò dé 50 kìlógíráàmù fún hẹ́kítà kan kí 2015 tó dé, ọdún náà sì dé láìsí pé púpọ̀ nínú wọn sún mọ́ iye náà.

Nítorí náà ibi tí a fi ajílẹ̀ sí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe ń rò lọ. Èyí tí a bá fọ́n káàkiri orí ilẹ̀ pupa, irin yóò di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ púpọ̀ mú kí gbòǹgbò tó dé ibẹ̀. Èyí tí a bá bu díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ihò irúgbìn kọ̀ọ̀kan tí a sì fi erùpẹ̀ bò, ẹ̀ka gbòǹgbò yóò ya bò ó gẹ́gẹ́ bí Drew ti rí i lára báálì. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, ohun tí àgbẹ̀ sì máa ń rojọ́ rẹ̀ nìyẹn: ẹni tí yóò máa bu ajílẹ̀ sí ìdí àgbàdo kọ̀ọ̀kan nínú oko ńlá yóò san owó alágbàṣe. Ìgbẹ́ adìyẹ, tí kò wọ́n ní àyíká Adó nítorí àwọn tó ń sin adìyẹ, àti ewé olódòdó ìyeyè tí àwọn kan ń pè ní jógbó, tó hù kún ẹ̀gbẹ́ títì, ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti náítírójìn tó ṣeé lò.

Kì í ṣe ẹ̀rọ olówó iyebíye ni a nílò láti bẹ̀rẹ̀ sí í yan gbòǹgbò. Ọ̀nà tí Lynch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde jẹ́ ti ṣọ́bìrì: a ó hú igi àgbàdo nígbà tí ó bá yọ òdòdó, a ó fọ gbòǹgbò rẹ̀ nínú omi, a ó ka ẹ̀ka rẹ̀, a ó sì wọn igun tí wọ́n fi tẹ̀ sí ilẹ̀. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, tí a dá sílẹ̀ ní 1982, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn. Iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe lórí irúgbìn ìbílẹ̀ Èkìtì nìyẹn, kò sì ní ná an ju àárẹ̀ ara lọ.

Ohun tí ẹni tó bá ń yàn yóò kọ́kọ́ dojú kọ ni igun gbòǹgbò. Àgbàdo tó tẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ sí orí ilẹ̀ ni yóò rí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì jù, ṣùgbọ́n bí òjò bá dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní oṣù Kẹjọ bó ṣe máa ń ṣe, orí ilẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ gbẹ. Èyí tó wọlẹ̀ ṣinṣin yóò rí omi, yóò sì bá nitrate tí òjò ti gbé lọ, ṣùgbọ́n fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì yóò wọ́n fún un. Àgbàdo tí a gbìn ní oṣù Kẹta tàbí Kẹrin, tí a ó ti jẹ ní tútù kí òjò tó dá, lè jẹ́ irú tí gbòǹgbò rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ. Èyí tí a ń gbìn ní oṣù Kẹjọ tàbí Kẹsàn-án, tí òjò yóò sì ká mọ́ lẹ́yìn ní oṣù Kọkànlá, nílò gbòǹgbò jíjìn. Nínú oríṣi ẹ̀wà òkèèrè kan, àwọn olùwádìí ti rí irú tó ń ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbòǹgbò rẹ̀ kan ń tẹ́ sí òkè tí òmíràn sì ń wọlẹ̀ lọ.